Ìbọn Tí Kì í Kúnlẹ̀

"Kúnlẹ̀."

Ìyùnadé kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń ṣe. Ìtànṣán pupa kan yọ láti inú apá bùbá rẹ̀, ó gba ọ̀kánkán lọ, ó sì bà sí àyà bàbá arúgbó tó jókòó sórí àga níwájú rẹ̀. Bàbá náà kò mira. Igi ni. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n wọ agbádá fún un, wọ́n dé e ní fìlà, àyà agbádá náà sì ti ṣá níbi tí ìtànṣán ọmọ aráyé ti ń bà á láti ọjọ́ pípẹ́.

"O ti pa á," ni Bàbá Ògúnmókun, alágbẹ̀dẹ ìbọn, wí láìgbé orí kúrò nídìí irin tó ń rẹ́. "Dìde."

"Ẹ má bínú, sà," ni Ìyùnadé wí. Ère ló ń bẹ̀.

Ṣíjúwadé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fara ti òpó lẹ́nu ọ̀nà. "Igi lò ń bẹ̀ yẹn, Ìyùn."

"Ó dé fìlà, Bọ̀dá mi."

Alágbẹ̀dẹ bú sẹ́rìn-ín. Ó yọ ìbọn onígi tó ń ta ìtànṣán náà kúrò nínú apá bùbá. "Apá aṣọ kò ṣeé ṣe. Gbogbo ọmọ tí ojú ń tì ló máa ń kọ́kọ́ mú un, torí pé ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Jẹ́ ká wo ìbàdí."

Wọ́n wo ìbàdí. Ó kúnlẹ̀, ìtànṣán sì bà sórí itan òun fúnra rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní, "Ara ẹ lo yìn báyìí." Wọ́n wo ẹ̀yìn, lókè ìdí. Alágbẹ̀dẹ tún mi orí. "Níbo lo máa wá pọn ọmọ sí?"

"Mi ò tíì bímọ, sà."

"Ọwọ́ kan, ìbọn kan. Èyí tó o bá mú lónìí, òun lo máa dì títí ọwọ́ yẹn ò fi ní jẹ́ ọwọ́ mọ́. Ọmọ á dé bá a lára ẹ."

Lára ògiri, lẹ́yìn alágbẹ̀dẹ, ni ọwọ́ amọ̀ gbogbo adìbọn tó ń ṣọ́ agboolé ní ìlú Òkè-Ìṣọ́ wà, agboolé kan, ọwọ́ kan. Amọ̀ tútù ni wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀, tí wọ́n sun nínú iná, tí ẹ̀rọ sì fi kọ́ ìbọn kó lè mọ ẹni tó ni ín, kó má sì gbọ́ ti ẹlòmíràn. Wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo ọ̀kan nínú wọn. Ṣíjúwadé kì í wo apá ibẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ ni. Apá bùbá rẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ká sókè, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ há níbi tó yẹ kí ọrùn ọwọ́ wà.

"Abẹ́ abíyá ló kù," ni Bàbá Ògúnmókun wí. Ó so ìbọn onígi náà mọ́ ọn lábẹ́ apá òsì, ẹnu rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ìyùnadé dúró, ìtànṣán bà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó, ilẹ̀ náà ni. Ó ṣe bí ẹni ń gúnyán, ilẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n bó ti kúnlẹ̀ tó sì tẹrí ba, ìtànṣán fò lọ sẹ́yìn, ó ba Ṣíjúwadé nínú ikùn. Ṣíjúwadé yẹra kíá.

"Ibẹ̀ náà ni," ni alágbẹ̀dẹ wí. "Kò síbi téèyàn lè fi ìbọn sí lára ọmọ Yorùbá tí ò ní rí ẹni pa lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kí èèyàn. Ẹni tó máa pa là ń yàn."

Ó tẹ́ awọ ewúrẹ́ sórí tábìlì, ó kó àwọn ìbọn ìléwọ́ gidi jáde. Ìyùnadé na ọwọ́ sí èyí tó kéré jù. Ó wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹyin àparò.

"Mo mọ̀ pé òun lo máa mú. Kékeré a máa bínú, ọmọ mi. Kò ní ara tó lè fi gba ipá ọta, ọwọ́ ẹ ló máa bá a gbà á. Ọta àkọ́kọ́ á bá olè, èkejì á bá òrùlé."

"Ńlá ńkọ́, sà?"

"Ńlá kì í bínú, ó sì ń gba ọta púpọ̀. Ṣùgbọ́n á máa jẹ ọ́ légbèé. Ìbọn tó bá ń jẹ èèyàn légbèé, orí pẹpẹ ló máa ń gbé, olè kì í sì í ní sùúrù kéèyàn dé ìdí pẹpẹ."

Ó mú àárín fún un. Ó ní kó fi ìka fà á wò, ó sì ń yí irin ìfà inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: bó bá fúyẹ́ jù, ẹ̀rù á bá a fà á kí òun tó pinnu, bó bá le jù, gbogbo ọwọ́ á máa gbọ̀n tẹ̀lé ìka. Ó rẹ́ gbogbo ohun tó yọ ṣóńṣó lára rẹ̀, nítorí aṣọ a máa kọ́ ohun tó bá yọ, ẹni tí aṣọ bá sì kọ́ ìbọn rẹ̀ lọ́jọ́ ìjà, àfi kó fẹnu bẹ olè. Ó ní òógùn abíyá burú ju òjò lọ, irin tí kì í dípẹtà lòun fi ṣe é. Ìyùnadé ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ tó mọ̀ jù láyé. Kò lọ sílé ìwé kankan; ẹsẹ̀ Màmá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, ló jókòó sí tó fi mọ kíkà, tó fi mọ kíkọ, tó sì fi mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́.

"Ó wá ku èyí tó le," ni alágbẹ̀dẹ wí.

Ó gbé ìbọn náà kalẹ̀, ó gbé òmíràn tì í, bákan náà ni wọ́n rí bí ìbejì. Bàbà pupa wà nídìí ọ̀kan, èyí tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

"Akúnlẹ̀ nìyí. Bí orúnkún ẹ bá kan ilẹ̀ báyìí, ó sùn. Bó o bá tẹ̀, ó sùn. Wọn ì bá à gbé e ju sínú iná, kò ní yìn, àfìgbà tó o bá dìde tó o sì mí kanlẹ̀. Ìkejì yìí, Adúró. Òun kì í sùn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń dì í kì í kúnlẹ̀."

Ó fi ìdè irin kan lé e lórí. Ìdè náà kéré, ó ń dán. Orúnkún ni wọ́n ń dè é mọ́.

"Bí orúnkún bá kanlẹ̀, ìdè yìí á ké tí gbogbo àdúgbò á gbọ́, ìlú á sì gba ìbọn lọ́wọ́ agboolé yín. Ẹ ò ní ní adìbọn mọ́."

"Tí mo bá kọ́kọ́ yọ ìbọn sílẹ̀ kí n tó kúnlẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Gbogbo wọn ló máa ń bèèrè bẹ́ẹ̀. 'Ẹ jẹ́ n gbé e sílẹ̀, kí n kí Bàbá.' Ìgbà tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀ yẹn gan-an làwọn olè ń ṣọ́. Ìbọn lè kúrò lára, ìdè ò ní kúrò. Àfi lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Lọ́jọ́ yẹn, èmi fúnra mi ni mò ń wá ṣí i."

"Adúró ni kó o mú," ni Ṣíjúwadé wí láti ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà ṣì wà létí Ìyùnadé látàárọ̀. Ó kúnlẹ̀ láti dágbére, Màmá sì di orí rẹ̀ mú, kò tètè fi sílẹ̀, ó ń fi oríkì rẹ̀ pè é. "Àṣàkẹ́, èyí tó ń kúnlẹ̀ ni kó o mú wá fún mi. Ìbọn tí kì í kúnlẹ̀ ló pa àkọ́bí mi. Ọmọ àbúrò rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀, ìbọn yọ̀ kúrò nínú àkọ̀, ó ṣubú, ó yìn. 'Ẹ káàárọ̀' ṣì wà lẹ́nu ẹni tó pa á. Ṣé o gbọ́?" Ìyùnadé sì ní, "Mo gbọ́, Màmá." Lẹ́nu tirẹ̀, mo gbọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ̀jẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n Akúnlẹ̀ ni Ṣíjúwadé náà dì. Àtìgbà tí ẹyẹ irin ìjọba ti dáwọ́ ìṣọ́ dúró lójú sánmà ni òfin ti sọ pé agboolé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní adìbọn tirẹ̀, òun ni wọ́n sì yàn ní agboolé Olókè. Àwọn olè yẹ ìbọn àti ìwà ìlú wò, wọ́n rí ibi tí ó ti jò. Wọ́n fi òwú ṣe irùngbọ̀n. Wọ́n fi ọ̀pá ti ara, wọ́n tẹ̀ kọdọrọ wọ inú ilé, wọ́n ní àwọn ń wá omi mu. Ṣíjúwadé dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Bàbá àlejò. Ìbọn sùn lábẹ́ rẹ̀. Àdá tó wà nínú ọ̀pá náà ni kò sùn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi látinú afẹ́fẹ́ lọ, gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni agboolé fi ń tọrọ omi lẹ́nu ọ̀nà onílé. Ẹ̀rọ mìíràn ti dé báyìí. Àwọn Onírùngbọ̀n-Òwú náà ti gbọ́, kò sì sí ọwọ́ mìíràn nílé tó tó ìbọn í dì, àfi ti Ìyùnadé.

"Ẹ fún mi ní Akúnlẹ̀, sà," ni Ìyùnadé wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mọ bó ṣe rí lára."

Alágbẹ̀dẹ so ó mọ́ ọn, láìkó ọta sí i. Bó ti ń yẹ àkọ̀ wò ni ohùn kan dún níta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ará ilé yìí!"

Arúgbó kan wọlé, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun balau, ó gbó, ó ń gbọ̀n. Kí Ìyùnadé tó mọ̀, orúnkún rẹ̀ ti wà nílẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà." Lábẹ́ abíyá rẹ̀, ìbọn dún kẹ́, ó sùn.

Ṣíjúwadé fò láti ẹnu ọ̀nà, ó dúró sáàárín àwọn méjèèjì, ó na kùkùté apá rẹ̀ síwájú bí ẹni pé ọwọ́ ṣì wà níbẹ̀. "Ọwọ́ yín dà? Ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín!"

Arúgbó náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọwọ́ mi rè é. Kí ni mo jí?"

"Bọ̀dá mi!" ni Ìyùnadé ké.

"Bàbá Oyèkànmí ni," ni alágbẹ̀dẹ sáré wí. "Aládùúgbò mi ni. Ọ̀bẹ rẹ̀ tí mo bá a pọ́n ló wá gbà. Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ agboolé Olókè ni."

"Ọmọ ta ni kò mọ̀ pé wọ́n ń kí àgbà? Nílé alágbẹ̀dẹ! Ojú mi rí—" Bàbá Oyèkànmí dákẹ́. Ó ti rí apá bùbá tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ há. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Háà. Ìwọ ni."

Ṣíjúwadé yí ojú sí ògiri. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, gbogbo wọn rí i pé ó fẹ́. Ara rẹ̀ lọ síwájú díẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí ìpẹtà ti mú.

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu," ni Bàbá Oyèkànmí wí. "Wọ́n ní ẹ̀rọ omi ni wọ́n jí lọ́dọ̀ yín. Àwa arúgbó ni wọ́n jí jù. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá wọ ìloro oníloro, ilẹ̀ ni mò ń wò, kí n má baà tẹ ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀. Ní báyìí, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò." Ó yíjú sí Ìyùnadé tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ìwọ, Ọlọ́run á gbé ọ ró. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ẹnìkan ti kí mi báyẹn láìkọ́kọ́ yẹ̀ mí wò."

Ó gba ọ̀bẹ rẹ̀, ó lọ. Iná àgbẹ̀dẹ ń ta pàrà. Ìyùnadé dìde, ó mí kanlẹ̀, ìbọn sì jí lábẹ́ apá rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má bínú sí mi."

"Bèèrè."

"Lọ́jọ́ yẹn. Ká ní ìbọn yín ò sùn. Ṣé ẹ ò bá yìn ín?"

Ṣíjúwadé la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ náà: fún ìyàwó rẹ̀, fún ìgbìmọ̀ ìlú, fún ẹnikẹ́ni tó bá wo apá rẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ló bi í, ohùn jẹ́jẹ́ ló sì fi bi í, kò sì sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀.

"Rárá," ni ó wí níkẹyìn. "Ilẹ̀ ni mo dojú kọ, Ìyùn. Mo ń retí kó súre fún mi ni. Mo ti ṣí orí sílẹ̀ de ọwọ́ rẹ̀." Ó fi ọwọ́ òsì gbá kùkùté apá rẹ̀ mú. "Ìbọn kọ́ ló sùn. Èmi ni."

Ìyùnadé wo ìbejì irin tó wà lórí awọ ewúrẹ́. Gbogbo àárọ̀ ló ti rò pé ọ̀rọ̀ ìbọn làwọn bá wá. Ó wá rí i pé ìbọn jọ ìbọn, ọta jọ ọta; orúnkún òun ni wọ́n wá yẹ̀ wò. Ó rántí bí òun ṣe wólẹ̀ fún Bàbá Oyèkànmí kí ojú òun tó rí i dáadáa. Ká ní irùngbọ̀n yẹn jẹ́ òwú ńkọ́? Àwọn ọmọ Ṣíjúwadé wà nílé. Màmá Àgbà fúnra rẹ̀ wà nílé.

Ó tú Akúnlẹ̀ kúrò lábẹ́ apá rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn.

"Èkejì, sà."

Bàbá Ògúnmókun kò yìn ín, kò sì bá a wí. Ó po amọ̀. Ìyùnadé tẹ ọwọ́ ọ̀tún sínú rẹ̀, òtútù amọ̀ náà gun apá rẹ̀ dé èjìká. Nígbà tí ẹ̀rọ ti ka ọwọ́ náà tán, tí wọ́n ti so Adúró mọ́ ọn lábẹ́ apá òsì, tí wọ́n ti la ẹ̀gbẹ́ bùbá rẹ̀ kí ọwọ́ lè ráyè wọlé, alágbẹ̀dẹ mú ìdè orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó tì í?"

"Ẹni tí mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún kò sí níbí, sà."

"Lọ sílé kó o lọ kí i, kó o padà wá lọ́la. Amọ̀ ti gbà ọ́, mo lè fi ìdè pamọ́ dè ọ́."

Ìyùnadé ronú sí i. Ó rí ẹnu ọ̀nà ilé, ó rí ẹni tó jókòó níbẹ̀.

"Tí mo bá kúnlẹ̀ fún Màmá, mi ò ní lè padà wá," ni ó wí. "Ẹ tì í, sà."

Ìdè náà dún ní ẹ̀ẹ̀kan, ó mú.

"Gbọ́ mi," ni alágbẹ̀dẹ wí bí ó ti ń sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. "Ìdè ò ní ké tó o bá tẹrí ba. Ṣùgbọ́n o rí ibi tí ìtànṣán yẹn lọ. Tó o bá tẹ̀ fún ẹni tó wà níwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ ni ẹnu ìbọn ń wò. Máa rántí."

Lójú ọ̀nà, Ṣíjúwadé ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi kọjá abẹ́ àwọn awo oòrùn tí ìlú fi ń tan iná. Ó wá ní, "Mo rò pé inú mi á dùn."

"Mo mọ̀, Bọ̀dá mi."

"Ká ní mo ti sọ òtítọ́ yẹn tẹ́lẹ̀, bóyá wọn ì bá ti wá nǹkan mìíràn ṣe. Bóyá kì bá tí kàn ọ́."

Ìyùnadé ń rìn lọ. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀. Irin náà ń mú ẹsẹ̀ kan le ju èkejì lọ.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé agboolé Olókè. Màmá Àgbà jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú síta. Ìkuukùu ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Ìró ẹsẹ̀ ló fi ń mọ ènìyàn.

"Àṣàkẹ́ ń bọ̀," ó wí. "Kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ? Ṣé wọ́n fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀?"

"Wọ́n fún mi, Màmá. Ẹ kú ilé."

Àwọn ọmọ Ṣíjúwadé sáré jáde láti ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n rọ̀ mọ́ Ìyùnadé lẹ́yìn, wọ́n ń fa aṣọ rẹ̀. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká rí i! Ẹ jẹ́ ká rí i!"

Màmá na ọwọ́ ọ̀tún. Ó nà án sísàlẹ̀, síbi tí orí Ìyùnadé ti máa ń dúró dè é láti ìgbà tó ti mọ ìrìn. Ọwọ́ náà kò bá orí. Aṣọ ìró ló bá. Àwọn ìka rẹ̀ wá a díẹ̀, wọ́n rò pé wọ́n ṣì í ni. Wọ́n lọ sọ́tùn-ún, wọ́n lọ sósì, wọ́n tẹ̀lé itan lọ sísàlẹ̀, wọ́n kan irin lábẹ́ aṣọ. Wọ́n dúró síbẹ̀.

"Orúnkún ẹ tutù," ni Màmá wí.

"Màmá..."

"Mo ní èyí tó ń kúnlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O sì ní o gbọ́."

"Mo gbọ́, Màmá."

Ìyùnadé fẹ́ tẹ orí wá sísàlẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ péré, kó lè bá ọwọ́ yẹn. Ọmọ tó kéré jù dì mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìbàdí rẹ̀. Ìyùnadé rántí ẹnu ìbọn, ó tún nàró.

Màmá Àgbà fi ọ̀pá ti ilẹ̀. Ó gbé ara rẹ̀ kúrò lórí àpótí, ó dìde dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ kan ń lọ sókè nínú afẹ́fẹ́, ó ń wá orí ọmọ rẹ̀ kiri. Ó kọjá àyà, ó dé ẹ̀bá èjìká. Ó padà jókòó bí ẹrù tí wọ́n sọ̀, Ṣíjúwadé sì sáré fi ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù gbá a mú.

"Fi mí sílẹ̀," ni Màmá wí. Ó ń mí hẹlẹ. Kò sọ ọwọ́ tó gbé sókè náà kalẹ̀. "Ó kù díẹ̀, Àṣàkẹ́. Ó kù díẹ̀ kí n kàn ọ́."